Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Rìn

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tí àìsàn ọkàn ń ṣe ni a fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn, nítorí dókítà ni ó ni èyíinì. Ọ̀rọ̀ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé ni. A ní láti kọ́kọ́ jẹ́wọ́, nítorí pé àwa tí a ń kọ ojú ìwé yìí náà ti ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tí ó ti ń ta àkàsà láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò sí àárọ̀ kan tí oòrùn yọ bá a lórí ẹní. Nígbà tí ó yá, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í há a, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sì lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn ní òru mọ́, àfi kí ó jókòó ti ògiri. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní tánsíọ̀n, ti bá ọkàn rẹ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ó mọ̀, ọkàn náà sì ti rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, omi tí ó kún ara rẹ̀ fà, ó sì padà sí ilé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ péjọ. Àkọ́bí ti Kútọnu wá, èkejì ti Èkó wá. Wọ́n ra àga onítìmùtìmù fún un, wọ́n gbé e sí abẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n gba ìkòkò àkàsà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ìgbálẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ pé Ìyá àgbà kò gbọdọ̀ dìde fún ohunkóhun. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Àwa tí a ń bẹ àwọn aláìsàn wò nínú ìjọ náà lọ kí i. Bí ó bá ti fẹ́ dìde láti kí wa, gbogbo wa a pa ohùn pọ̀ pé: "Ẹ jókòó, Ìyá. Ẹ má ṣe wàhálà." A rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni a ń sọ.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ìyá kò lè rìn láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ dé etí kànga mọ́ láìdúró sinmi ní ẹ̀ẹ̀mejì. Mísà ọjọ́ Àìkú, tí kò pa jẹ rí, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlùfáà ni ó ń gbé Ara Olúwa lọ bá a nínú ilé. Ní ọjọ́ kan ó sọ fún wa pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dà bí ẹni pé mo ti kú, tí ẹ kàn ń dúró de ọjọ́ tí ẹ óò sin mí." Nígbà tí wọ́n mú un padà lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọkàn rẹ̀ kò burú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Ó wá bi àwọn ọmọ pé: "Ta ni ó ní kí Ìyá má rìn?"

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Kò sí dókítà tí ó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àwa ni.

Iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe

Ọkàn tí a ń sọ níhìn-ín kì í ṣe èyí tí a fi ń ronú tàbí èyí tí a fi ń gbàdúrà. Ẹran ara kan ni tí ó wà ní àyà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìkúùkù ọwọ́ ẹni lọ, tí ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara tọ̀sán tòru. Ní ọjọ́ kan, ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àìsàn fi ń bá a. Iṣan tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ lè dí, tí ìrora líle yóò sì mú ènìyàn ní àyà. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí ọkàn ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ títí tí yóò fi rẹ̀. Àwọn ìyá mìíràn wà tí ọkàn wọn rẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ bímọ tàbí ní àwọn oṣù tí wọ́n bímọ tán. Àwọn ọmọdé mìíràn sì wà tí àrùn ọ̀fun tí a kò tọ́jú bà ìlẹ̀kùn inú ọkàn wọn jẹ́.

Kì í ṣe àìsàn arúgbó nìkan ní ilẹ̀ wa. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2012 wo àwọn aláìsàn 1,006 tí ọkàn wọn ti rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Bí a bá da ọjọ́ orí wọn pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ọdún 52 ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ wo ẹni ọdún 52: ó ṣì ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́, ó ṣì ní oko tàbí ìsọ̀ ní ọjà. Bí a bá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí àga títí láé, gbogbo ilé ni a fi sórí àga pẹ̀lú rẹ̀.

Báwo ni ìrìn ṣe ń ran ọkàn lọ́wọ́? Ẹsẹ̀ tí a kò lò a máa tínrín. Ẹran ẹsẹ̀ tí ó ti tínrín kò mọ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lò dáadáa mọ́. Nítorí náà, fún iṣẹ́ kékeré, ó ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ọkàn. Ẹsẹ̀ tí ń rìn lójoojúmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó o, ó sì ń gbé díẹ̀ nínú ẹrù ọkàn kúrò lórí rẹ̀. Ìrìn a sì tún máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀, a máa jẹ́ kí oorun dùn, a sì máa lé ìbànújẹ́ tí ń bá àìsàn yìí rìn sẹ́yìn. Ọkàn tí ó ti rẹ̀ kò nílò ọ̀gá tí yóò sé e mọ́lé. Olùrànlọ́wọ́ ni ó nílò, ẹsẹ̀ méjèèjì sì ni olùrànlọ́wọ́ náà.

Àwọn dókítà pàápàá ti ṣìnà rí

Kí ẹ má baà rò pé àwa nìkan ni a ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn díẹ̀ fún yín. Ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn, William Heberden, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa ìrora àyà tí ń mú ènìyàn bí ó bá ń rìn. Ó ròyìn ọkùnrin kan tí ó ní ìrora náà, tí ó wá fi í ṣe iṣẹ́ fún ara rẹ̀ láti máa fi ayùn rẹ́ igi fún ìdajì wákàtí lójoojúmọ́, tí àìsàn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀.

A gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Títí di àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ bá dí lójijì ní Yúróòpù tàbí ní Amẹ́ríkà, orí ibùsùn ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹlòmíràn ni yóò máa fi ṣíbí bọ́ ọ. Nítorí àìmira, ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn dì ní ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì náà a gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, a sì pa wọ́n. Ní 1952, àwọn dókítà méjì ní ìlú Boston, Samuel Levine àti Bernard Lown, kọ̀wé jáde pé àwọn gbé aláìsàn kúrò lórí ibùsùn sórí àga ní kíákíá, àwọn kò sì rí ewu tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù. Ní ìgbà náà, ìgboyà ńlá ni láti gbé aláìsàn jókòó sórí àga. Lónìí, àga kò tó mọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1955, Eisenhower tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà ní irú àìsàn yìí. Paul Dudley White, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀, jẹ́ ẹni tí ó gbà pé ìrìn dára fún ọkàn, kò sì fẹ́ kí a sọ ọ́ di òkú ààyè. Eisenhower padà sí ẹnu iṣẹ́, wọ́n tún un yàn ní 1956, ó sì ṣe ìjọba títí di oṣù Kìíní 1961. Ọdún 1969 ni ó kú.

Ní 1966, ní ìlú Dallas, àwọn dókítà ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tí ara wọn le dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dìde, agbára iṣẹ́ ara wọn ti lọ sílẹ̀ gidigidi, kí eré ìdárayá tó dá a padà. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, a tún wá àwọn márààrún, a sì tún wọn yẹ̀ wò. Ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ibùsùn gbà lọ́wọ́ wọn pọ̀ ju ohun tí ọgbọ̀n ọdún ti gbà lọ. Bí ibùsùn bá lè ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le bẹ́ẹ̀, kí ni oṣù mẹ́rin lórí àga yóò ṣe fún Ìyá alákàsà?

Ní 2016, a da ìwádìí 63 pọ̀, àwọn aláìsàn tí ó wà nínú wọn lé ní 14,000, àwọn tí iṣan ọkàn wọn ti dí ni ó sì pọ̀ jù. Nínú 100 àwọn tí a kò fún ní eré ìdárayá, nǹkan bí 10 ni àìsàn ọkàn pa. Nínú 100 àwọn tí a fún ní eré ìdárayá pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà, bíi 7 tàbí 8 ni. Àwọn tí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn dín kù láti 31 sí 26 nínú 100. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n ènìyàn ni iye wọ̀nyí: ìyá ẹnì kan, ọkọ ẹnì kan.

Bí a ti ń bẹ̀rẹ̀

Kí a tó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ lọ bi dókítà. Ẹ má ṣe dúró kí ó tó sọ ọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ bi í pé: "Dókítà, báwo ni kí Ìyá ṣe máa rìn? Kí ni kò gbọdọ̀ ṣe?" Àwọn kan wà tí ìrìn kò tíì tọ́ sí: ẹni tí àyà ń dùn nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú sí i, ẹni tí tánsíọ̀n rẹ̀ ṣì ga púpọ̀, ẹni tí ibà ń ṣe, àti àwọn mìíràn tí ìlẹ̀kùn ọkàn wọn há tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni ó kàn. Dókítà ni ó lè mọ̀ wọ́n. Ní àwọn ìlú ńlá a lè rí oníṣègùn tí ń kọ́ aláìsàn bí a ti ń lo ara, àwọn tí a ń pè ní kiné. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú wa kò sí ilé àkànṣe fún irú iṣẹ́ yìí, ojú ọ̀nà iwájú ilé ni yóò jẹ́ ilé ìtọ́jú wa.

Bí dókítà bá ti fi ọwọ́ sí i, ẹ wá ibi tí ó tẹ́jú, tí iyanrìn kò pọ̀. Ẹ̀yin ará wa ní Sábẹ̀, ẹ má fi òkè bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú. Ẹ rìn ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú, tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí eruku pọ̀, ẹ rìn nínú àgbàlá. Ẹ má rìn kété tí ẹ bá jẹun tán, ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò ní aago lè fi Rósárì wọn ìrìn rẹ̀. Ìpín kan, èyíinì ni Bàbá Wa kan, Mo Kí Ọ Màríà mẹ́wàá àti Ògo kan, bí a bá rọra sọ ọ́, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ rin ìpín kan ní àárọ̀, ìpín kan ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìpín méjì. Bí ara bá gbà á, ẹ fi ìpín kan kún un ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ara kò bá gbà á, ẹ dúró sí ibi tí ẹ dé, kò sí ẹni tí ń lé yín. Nígbà tí ẹ bá pé ìpín márùn-ún, ẹ ti ń rìn bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Láti ibẹ̀ ẹ lè máa lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí ìrìn kan yóò fi tó ìdajì wákàtí, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Èyíinì jẹ́ ìṣẹ́jú 150, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ẹ rántí pé ọ̀nà tí a bá lọ ni a óò bọ̀. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa lọ ẹ máa bọ̀ níwájú ilé, kí ó má baà rẹ̀ yín sí ọ̀nà jíjìn.

Rósárì yìí kan náà ni yóò sọ fún yín bí ìrìn náà bá yá jù. Bí ẹ bá lè sọ Mo Kí Ọ Màríà kan ní ohùn tí a lè gbọ́, láì mí hẹlẹhẹlẹ láàárín rẹ̀, ìrìn náà tọ́. Bí ẹ bá lè kọrin geere, ẹ lè gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gé lẹ́nu yín, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Ọ̀nà yìí dára ju kí a máa ka bí ọkàn ti ń lù lọ, nítorí àwọn oògùn ọkàn kan wà tí ń mú kí ó máa lù jẹ́jẹ́ nígbà gbogbo, iye rẹ̀ sì lè tàn yín jẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ parí jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe dúró lójijì kí ẹ sì jókòó gbì.

Àga onítìmùtìmù náà kò sì ṣòfò. Kiné kọ́ Ìyá kí ó máa dìde lórí rẹ̀, kí ó tún máa jókòó, ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí ó sinmi, kí ó tún ṣe é. Ohun tí a fi sé e mọ́lé ni ó di ohun tí ó fi kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní agbára.

Ohun tí kò yẹ

Ìrìn kì í ṣe ẹrù rírù. Gígún iyán, fífa omi láti inú kànga jíjìn, gbígbé garawa lé orí, títi alùpùpù tí kò jó, gbogbo èyí ń mú kí ènìyàn di èémí mọ́ inú, tánsíọ̀n a sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe wọ́n. Ẹni tí a la àyà rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ gbé ohun tí ó wúwo títí dókítà yóò fi sọ pé eegun àyà ti jiná. Ó lè tó oṣù mẹ́ta.

Bí ẹ bá ń rìn, tí àyà bá ń dùn tàbí tí ó dà bí ẹni pé nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, tí ìrora náà lọ sí apá tàbí sí àgbọ̀n, tí òógùn tútù bò yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí ọkàn ń lù gìdìgìdì láìtẹ̀léra, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ jókòó. Bí kò bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Ẹ wá ọkọ̀, kí ẹnì kan sì bá aláìsàn lọ. Ẹ má ṣe gbé e sẹ́yìn zémidjan ní òun nìkan.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, bí ó bá ní ìwọ̀n, kí ó máa wọn ara rẹ̀ ní àràárọ̀, lẹ́yìn tí ó bá tọ̀ tán, kí ó tó jẹun. Bí ó bá fi kílò méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀rá ni ó fi kún un, omi ni. Bí ẹsẹ̀ bá tún ń wú, tàbí tí ó nílò ìrọ̀rí púpọ̀ sí i kí ó tó lè sùn, kí ó dá ìrìn dúró kí ó sì tètè rí dókítà.

Ìrìn kò rọ́pò oògùn. A mọ àwọn kan tí kì í lo oògùn tí ń mú ènìyàn tọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n láàárín Mísà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi dókítà bóyá a lè lo ó nígbà mìíràn ní ọjọ́ náà, kí ẹ sì jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ọlọ́run kò ní bínú sí ẹni tí ó jáde lọ tọ̀. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ dín kúùbù inú ọbẹ̀ kù, nítorí iyọ̀ ni ó kún inú rẹ̀. Ní ìgbà Lẹ́ǹtì, ẹ rántí pé Ìjọ kò fi ààwẹ̀ de aláìsàn.

Àwọn kan bi wá bóyá ẹni tí àìsàn ọkàn ń ṣe lè lọ sí Arígbó ní Ìdásà ní oṣù Ògọ́stù. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà. Bí ẹ bá ti ń rin ìdajì wákàtí ní ilé láìsí ìnira, tí dókítà sì gbà, ẹ wọ ọkọ̀ lọ, ẹ mú oògùn yín dání, ẹ wá ibòòji jókòó sí, ẹ má sì bá èrò du ọ̀nà. Wúńdíá Màríà kò bèèrè pé kí a fi ẹ̀mí wa san owó ọ̀nà.

Fún ẹ̀yin ará ilé

Ẹ̀yin ọmọ, a mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni ó mú kí ẹ ní kí òbí yín jókòó. Ẹ̀rù sì wà nídìí ọ̀wọ̀ náà: ẹ ń bẹ̀rù pé kí ó má baà jẹ́ lójú yín ni yóò ti ṣubú. Ẹ̀rù náà wà nínú aláìsàn pẹ̀lú. Gbogbo ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá lù kì, ó ń rò pé ó ti dé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ "Ẹ jókòó" ni ó ń lé irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ń lé e ni: "Ìyá, ẹ jẹ́ kí a jọ rìn." Ẹ yan ọmọ kan tí yóò máa bá a rìn ní àárọ̀, òmíràn ní ìrọ̀lẹ́. Kí ọmọ náà má ṣe sáré ṣíwájú, kí ó má sì fà á lọ́wọ́.

Ẹ wá rántí Wòlíì Èlíjà, nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi tí ó sì bèèrè ikú. Áńgẹ́lì Ọlọ́run jẹ́ kí ó sùn. Ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kí ó sùn, ó tún fún un ní oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀ sábẹ́ igi náà. Ó ní kí ó dìde, nítorí ọ̀nà ṣì wà níwájú rẹ̀. Ìsinmi, oúnjẹ, lẹ́yìn náà ọ̀nà: bí a ti ń tọ́jú ẹni tí ó rẹ̀ nìyẹn. Àwa gbà pé a ṣe méjì àkọ́kọ́ fún Ìyá alákàsà, a sì gbàgbé ẹ̀kẹta.

Ẹ óò fẹ́ mọ bí ó ti ń ṣe. Ọkàn rẹ̀ kò padà di tuntun, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ó ti ń fi Rósárì wọn ìrìn rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí Mísà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó sí àyè rẹ̀ àtijọ́. Kò ro ìkòkò ńlá mọ́, ọmọ-ọmọ náà ni ó ń rò ó. Òun ni ó ń pọ́n àkàsà sínú ewé, òun ni ó ń ka owó, ẹnikẹ́ni kò sì lè rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà tí a lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó dìde láti kí wa. Ẹnu wa ti fẹ́ là láti sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà. A pa á mọ́, àwa náà dìde, a sì bá a rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Jòhánù Mímọ́ ti Ọlọ́run, tí a ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ni Ìjọ fi ṣe alágbàwí fún àwọn aláìsàn, a sì máa ń pè é fún àwọn tí àìsàn ọkàn ń ṣe. Àwọn Arákùnrin rẹ̀ ni ó ni ilé ìwòsàn Tanguiéta ní Bẹ̀nẹ̀ wa níhìn-ín àti ti Afagnan ní Tógò. Kí ó bá wa bẹ Olúwa fún gbogbo aláìsàn ìjọ wa, kí Olúwa sì kọ́ àwa tí ara wa le ní ọgbọ́n: ẹni tí kò lè rìn, kí a gbé e, ẹni tí ó lè rìn, kí a bá a rìn. Ó di oṣù tí ń bọ̀. Àlàáfíà fún ilé yín.